Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Kí Orin Tí Ẹ Ra Dún Lórí Fóònù, Kọ̀ǹpútà àti Rédíò Mọ́tò

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu bóyá orin kan á dún lórí ẹ̀rọ yín: àgádágodo tó wà lára fáìlì rẹ̀, irú fáìlì tó jẹ́, àti ohun tí ẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n kà. Bí mo ṣe tò wọ́n yẹn ni kí ẹ ṣe máa yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ki fúláàṣì bọ inú rédíò mọ́tò, rédíò ò ní sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Wọ́n á wá áàpù tó ń yí fáìlì padà, áàpù á ní òun ò lè ṣí i, wọ́n á tún sanwó fún òmíràn. Bẹ́ẹ̀, títì ni wọ́n ti fáìlì yẹn pa láti ilé-ìtajà.

Ẹni tí orin rẹ̀ ti fọ́n káàkiri ni mo ń bá sọ̀rọ̀: CD fújì àti jùjú nínú páálí, fọ́dà kan lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, orin tó rà ní iTunes nígbà tí iPod ṣì lóde, ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àti áàpù tó ń sanwó fún lóṣooṣù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣé fáìlì ni ẹ ní, àbí àyè láti gbọ́ orin?

Ẹ fi áàpù tí ẹ ń sanwó oṣù fún sí ọ̀tọ̀ ná. Nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tó ní kí orin wá sórí fóònù, orin náà wọlé lóòótọ́, ó sì gba àyè, àmọ́ áàpù yẹn nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Spotify, tó wọ Nàìjíríà ní 2021, ń jẹ́ kí ẹni tó ń sanwó gba orin tó tó 10,000 sórí ẹ̀rọ kan, lórí ẹ̀rọ márùn-ún. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan láàárín 30 ọjọ́, áàpù náà gbọ́dọ̀ kan íntánẹ́ẹ̀tì kó lè mọ̀ bóyá ẹ ṣì ń sanwó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dáwọ́ owó dúró, gbogbo ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ kò ní dún mọ́. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí ní Apple Music àti YouTube Music.

Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ yọ mẹ́mórì káàdì tí orin Spotify wà lórí rẹ̀ kí ẹ lọ kì í bọ inú rédíò mọ́tò. Rédíò á rí i pé nǹkan wà níbẹ̀, kò kàn ní rí orin kankan. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ so fóònù mọ́ rédíò, ìbáà jẹ́ Bluetooth tàbí wáyà, fóònù ni yóò ṣí àgádágodo.

Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má sanwó oṣù o. Owó rẹ̀ kéré sí iye tí èèyàn á fi ra àwo mẹ́wàá, orin ibẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí ayé ẹni lè gbọ́ tán. Kí ẹ ṣáà má kà á mọ́ ohun ìní yín nígbà tí ẹ bá ń ka ohun tí ẹ ní.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá àgádágodo rí lára fáìlì

Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè é ní DRM. Èmi á máa pè é ní àgádágodo, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn: fáìlì wà lọ́wọ́ yín, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ fáìlì. Fáìlì tó bá parí sí .mp3, .flac tàbí .wav kò ní àgádágodo. Èyí tó bá parí sí .m4p ní in, kò sí àní-àní. Èyí tó parí sí .m4a sábà máa ń wà ní ṣíṣí. Èyí tó máa ń dojú rú ni .wma, torí ó lè ní, ó sì lè má ní. Lórí Windows, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ fáìlì náà, ẹ yan "Properties", kí ẹ lọ sí "Details", ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Protected" sí. Bó bá jẹ́ "No", ọkàn yín balẹ̀. Bó bá jẹ́ "Yes", ẹ gbé e sọ́tọ̀. Nínú iTunes tàbí áàpù Music ti Mac, ẹ tẹ orin, ẹ yan "Get Info", ẹ wo "Kind" lábẹ́ "File". "Protected AAC audio file" ni èyí tí wọ́n tì. "Purchased AAC audio file" jẹ́ orin tí ẹ rà tí kò ní àgádágodo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àkáǹtì yín wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi dáa kí ẹ máa pín in fún ará àdúgbò.

Ẹ fiyè sí ọ̀rọ̀ kan nípa .wma. Windows Media Player àtijọ́ ní àpótí kékeré kan nínú ètò rẹ̀ tí wọ́n kọ "Copy protect music" sí. Bí àmì bá wà nínú àpótí yẹn nígbà tí ẹ ń da CD kọ sórí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ara yín ni ẹ fi ti orin tí ẹ fowó yín rà. Kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni yóò máa gbé e jáde. Bí wọ́n bá wá nu kọ̀ǹpútà náà tí wọ́n tún Windows tò sórí rẹ̀ láì tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀, ó parí. CD yẹn ni kí ẹ tún lọ wá.

Kí ló fà á tí ilé-ìtajà fi ń ti orin? Ẹ̀rù pípín kiri ló ń ba àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù. Nígbà tí Apple ṣí iTunes Store ní oṣù kẹrin 2003, tí wọ́n ń ta orin kan ní sẹ́ǹtì 99, àgádágodo tí wọ́n pè ní FairPlay wà lára gbogbo rẹ̀, kọ̀ǹpútà mẹ́ta péré ló sì lè ṣí i nígbà náà, kí wọ́n tó sọ ọ́ di márùn-ún ní 2004. Microsoft náà gbé tirẹ̀ dé. Ní 2004 wọ́n fi àmì kan sí ara àwọn ẹ̀rọ orin, PlaysForSure, tó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ tó bá ní àmì náà yóò ka orin ilé-ìtajà tó bá ní in. Ní oṣù kọkànlá 2006, Microsoft fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀rọ Zune jáde, Zune kò sì lè ka orin PlaysForSure. Àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé àmì yẹn ló jìyà rẹ̀.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-ìtajà tó ń pín kọ́kọ́rọ́. Ní 2008, MSN Music, ilé-ìtajà orin Microsoft, kéde pé òun yóò pa sáfà òun ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún náà. Orin á ṣì máa dún lórí kọ̀ǹpútà tó ti ní kọ́kọ́rọ́, àmọ́ kò ní lè bá ẹni tó rà á dé orí kọ̀ǹpútà tuntun. Ariwo àwọn oníbàárà ló jẹ́ kí wọ́n sún ọjọ́ náà dé ìparí 2011. Ilé-ìtajà orin Yahoo pa sáfà tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2008. Ẹni tó bá ní .wma tí wọ́n tì láti ìgbà yẹn, tí kò sì ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà mọ́, kò sí ẹni tó máa bẹ̀.

Ọjà náà yí padà nígbà tó yá. Ní oṣù kejì 2007, Steve Jobs kọ lẹ́tà ìta gbangba pé inú Apple á dùn láti ta orin láìsí àgádágodo bí àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù bá gbà. EMI ló kọ́kọ́ gbà lọ́dún náà. Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í ta MP3 tí kò ní àgádágodo ní oṣù kẹsàn-án 2007, nígbà tó sì di oṣù kìíní 2009, Apple kéde pé gbogbo orin inú ilé-ìtajà òun ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ ra orin wá di ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀: èyí tí ẹ rà ní iTunes ní 2005 lè wà ní títì, èyí tí ẹ rà ní 2012 kò sí ní títì.

Bí ẹ bá rí .m4p, ẹ béèrè ná bóyá Apple Music tí ẹ ń sanwó fún ló kó o wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe tiyín, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ rà á láyé àtijọ́, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí ìlú Òyìnbó lè san owó iTunes Match, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2011. Bí ètò náà bá ti dá orin yín mọ̀, ẹ pa èyí tí wọ́n tì rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ gba òmíràn tí kò ní àgádágodo, tó jẹ́ AAC (irú fáìlì tí Apple ń lò) ní 256 kbps (iye dátà orin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ kọ́kọ́ dà á kọ síbòmíràn. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi iTunes kọ orin náà sórí CD lásán bí CD orin, kí ẹ sì tún dà á padà sórí kọ̀ǹpútà. Apple fi àyè èyí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn á dín díẹ̀ bí ẹ bá tún fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ orin á di tiyín. Fún .wma tí wọ́n tì, ọ̀nà CD yìí nìkan ló kù, lórí kọ̀ǹpútà tó ṣì ní kọ́kọ́rọ́ nìkan, bí ilé-ìtajà bá sì fàyè gba kíkọ ọ́ sórí CD.

Àwọn áàpù tó ń já àgádágodo pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin Amẹ́ríkà ti 1998, DMCA, lòdì sí jíjá a. Copyright Act 2022 ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, náà lòdì sí i. Yàtọ̀ sí òfin, ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù ọ̀fẹ́ yẹn ń gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé. Ẹ yẹra fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ irú fáìlì

Ìdílé méjì ni irú fáìlì orin pín sí. Ọ̀kan ń gé lára ohùn kó lè kéré, èkejì kì í gé nǹkan kan.

CD, tó jáde ní 1982, ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fún etí ọ̀tún àti etí òsì. Ìyẹn lé díẹ̀ ní 10 MB fún ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá dà á kọ bó ṣe wà, ó di WAV. Bí ẹ bá fún un pọ̀ láì gé nǹkan kan, ó di FLAC, tàbí ALAC ti Apple, ó sì sábà máa ń tó ìdajì WAV tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ohun tí ẹ bá tú jáde nínú FLAC kò yàtọ̀ sí èyí tó wọ inú rẹ̀, kódà nínú bíìtì kan ṣoṣo.

MP3 wà nínú ìdílé tó ń gé ohùn. Ilé ìwádìí Fraunhofer ní Erlangen, ní Jámánì, ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ní oṣù keje 1995 ni wọ́n sì fẹnu kò sí orúkọ .mp3. Ó ń wá ohùn tí etí wa kò ní gbọ́ dáadáa torí pé ohùn tó le jù ú lọ bò ó mọ́lẹ̀, á sì gé e dànù. AAC, Vorbis àti Opus ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n á gé ju MP3 lọ, pàápàá nígbà tí àyè bá kéré.

Iye tó wà ní kbps ló ń sọ bí wọ́n ṣe gé e tó. Ẹ jẹ́ ká fi ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú, tó jẹ́ 20 ìṣẹ́jú láìdánudúró, ṣe àpẹẹrẹ. Bí WAV, ó lé ní 200 MB. Bí MP3 320 kbps, ó jẹ́ 48 MB. Bí MP3 128 kbps, ó jẹ́ nǹkan bíi 19 MB. Fúláàṣì 32 GB lè gba orin 320 kbps tó ju 200 wákàtí lọ, nítorí náà, kò sí ìdí tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣì máa há orin mọ́ 96 kbps bí ìgbà tí mẹ́mórì káàdì jẹ́ 256 MB. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tú àṣírí orin tí wọ́n gé jù: ohùn rẹ̀ á fẹ̀, á máa ṣe ṣíó-ṣíó, agogo á sì pàdánù ẹnu rẹ̀. Ìlù ńlá àti gìtá kì í tètè fi hàn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá orin kan dára, etí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ fi gbọ́ ọ.

Ohun tí wọ́n bá ti gé kì í padà. Ẹni tó ń yí MP3 128 kbps sí FLAC ń da ẹmu ìdajì agbè sínú kẹ̀ǹgbẹ̀ ńlá ni: ohun èlò tóbi sí i, ẹmu kò pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ojúewé tó ń ṣèlérí "MP3 320 kbps" láti YouTube ń ṣe. Ohùn tó wà lórí YouTube sábà máa ń jẹ́ AAC 128 kbps tàbí Opus tó tó 160. Ìyókù tí wọ́n fi kún un, àyè òfìfo ni, láì sọ pé YouTube fúnra rẹ̀ kò fàyè gba irú gbígbà bẹ́ẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Spek, ó ń ya àwòrán ohùn inú fáìlì. Bí fáìlì bá pera rẹ̀ ní FLAC tí àwòrán náà sì gé gbọnranjọ ní nǹkan bíi 16 kHz, MP3 tó wọ ẹ̀wù FLAC ni.

Ẹ lè ti gbọ́ pé MP3 ti kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní 2017, ẹ̀tọ́ ìdásílẹ̀ tó kẹ́yìn lórí rẹ̀ dópin, Fraunhofer sì dá gbígba owó lórí rẹ̀ dúró. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe ẹ̀rọ lè fi MP3 sínú rẹ̀ láì sanwó fún ẹnìkan. Èmi ò rí ikú kankan níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ da CD yín kọ lẹ́ẹ̀kan, kó dára

Bí ẹ bá ṣì ní CD, ẹ dà á kọ sí FLAC. Èyí ni ìyá fáìlì. Láti ara rẹ̀ ni ẹ ó ti máa bí MP3 tàbí AAC fún ẹ̀rọ yòówù, lọ́dún yìí tàbí ogún ọdún sí i, láì tún wá CD náà. Ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ fre:ac ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ẹni tó ń lo Windows tó sì ní sùúrù lè lo Exact Audio Copy, tó ń fi ohun tó kà wé ti àwọn mìíràn tó ní irú CD kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ojú CD bá ti ha, ó lè tún ibi kan kà lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ má sì bínú tó bá pẹ́.

Ẹ wo ẹ̀yìn CD dáadáa. Èyí tó ní àmì "Compact Disc Digital Audio" tẹ̀lé ìlànà. Láàárín 2001 sí 2006, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ta àwo tí wọ́n fi àgádágodo sí, Philips, ọ̀kan lára àwọn tó dá CD sílẹ̀, sì ní kò yẹ kí wọ́n lo àmì yẹn lára rẹ̀. Èyí tó gba òkìkí jù ni ti Sony BMG ní 2005. Bí ẹ bá fi CD náà sínú kọ̀ǹpútà Windows, ó ń fi ètò kan tó ń fara pamọ́ síbẹ̀ láì sọ òdodo rẹ̀ fún yín. Mark Russinovich, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ló tú u fó ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún náà, ilé-iṣẹ́ náà sì kó àwọn CD ọ̀hún padà lọ́jà ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Bí CD Amẹ́ríkà láti ọdún yẹn bá wà nílé yín, ẹ pa "AutoPlay" lórí Windows kí ẹ tó kì í bọ ibẹ̀. Lórí Mac tàbí nínú rédíò lásán, ohùn rẹ̀ á dún.

CD tí wọ́n ń tà lójú títì, tó ní orin 150 lórí àwo kan, kì í ṣe CD orin. CD orin ò lè gbà ju 80 ìṣẹ́jú lọ. MP3 ni wọ́n kó sórí irú àwo yẹn, ẹ kàn lè da fáìlì rẹ̀ kọ, kò sí FLAC kankan tí ẹ lè mú jáde níbẹ̀.

Ẹ̀yin tó wà ní ìlú Òyìnbó, ẹ mọ̀ pé ìjọba ibẹ̀ fàyè gba dída CD ara ẹni kọ ní oṣù kẹwàá 2014, ilé-ẹjọ́ gíga sì fagi lé òfin náà ní oṣù keje 2015. Bí òfin bá ṣe wà ní ìwé ni mo sọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ fújì yàtọ̀ díẹ̀. Lórí CD, wọ́n lè pín eré kan ṣoṣo sí ọ̀nà mẹ́fà, kí ìlù má sì dúró láàárín wọn. MP3 máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ kékeré kún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí fáìlì, nítorí náà, nínú mọ́tò, ẹ ó gbọ́ bí ìlù ṣe ń já ní gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà bá yí. FLAC kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí rédíò yín kò bá ka FLAC, ẹ sọ odidi CD náà di fáìlì kan ṣoṣo kí ẹ tó yí i sí MP3. Ẹ ò ní lè fo nọ́ńbà kọjá, àmọ́ ta ló ń fo ìlù fújì kọjá?

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ mọ ohun tí ẹ̀rọ yín lè kà

Fóònù Android ń ka MP3, AAC, FLAC, Vorbis, Opus àti WAV láì gba áàpù kún un. WMA kò sí lára ohun tí Android fúnra rẹ̀ mọ̀. iPhone ń ka MP3, AAC, ALAC àti WAV. Láti iOS 11 ní 2017, ó lè gbé FLAC jáde láti inú áàpù Files, àmọ́ áàpù Music kò gba FLAC wọlé, ẹ yí i sí ALAC bí ẹ bá fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ohùn kì í dín nínú irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, torí ìdílé kan náà ni méjèèjì. Windows 10 sókè ń ka FLAC àti ALAC. Bí gbogbo rẹ̀ bá sú yín, ẹ fi VLC sórí fóònù. Ó ń ka ohun gbogbo àfi èyí tí wọ́n tì.

Rédíò mọ́tò ni ìṣòro wà. MP3 ni gbogbo wọn mọ̀, púpọ̀ ń ka WMA tí kò ní àgádágodo, díẹ̀ ń ka AAC, àwọn tuntun ń ka FLAC. Àmọ́ kí rédíò tó dé ibi irú fáìlì rárá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka fúláàṣì. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà to inú fúláàṣì, ọ̀pọ̀ rédíò sì mọ èyí tó ń jẹ́ FAT32 nìkan. Fúláàṣì tàbí káàdì tó tó 64 GB sókè sábà máa ń wá láti ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀nà mìíràn, exFAT, rédíò á sì ní òun ò rí nǹkan kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Windows kò jẹ́ kí èèyàn fi FAT32 sórí ohun tó ju 32 GB lọ. Ètò ọ̀fẹ́ Rufus ń ṣe é. Ó máa nu gbogbo ohun tó wà lórí fúláàṣì, nítorí náà, ẹ kó o kúrò ná. Tàbí kí ẹ ra fúláàṣì 32 GB, kí ọ̀rọ̀ tán.

Bí orin bá dún ṣùgbọ́n tí wọn ò tò bó ṣe yẹ, mo mọ ohun tó fà á. Àwọn rédíò kan kì í tò orin bí lẹ́tà orúkọ wọn, bí ẹ ṣe dà wọ́n kọ sórí fúláàṣì ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹ fi 01, 02, 03 síwájú orúkọ, kí ẹ dà wọ́n kọ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé sórí fúláàṣì tí kò ní nǹkan kan lórí. Ẹni tó bá fi Mac kó orin sórí fúláàṣì á rí nǹkan mìíràn: orin kọ̀ọ̀kan á fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì kò sì ní dún. Fáìlì pàǹtí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "._" ni, Mac ló ń fi í síbẹ̀. Ẹ ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà Windows, kí ẹ ní kó fi fáìlì tó fara pamọ́ hàn, kí ẹ pa wọ́n rẹ́.

Ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp jẹ́ Opus. Oríkì tí ìyá àgbà kì sórí fóònù láti Ìjẹ̀bú, rédíò mọ́tò kankan tí mo mọ̀ kò ní kà á. Ẹ ṣí i nínú Audacity tàbí fre:ac, ẹ gbé e jáde bí MP3 128 kbps, ó tó fún ohùn ènìyàn kan. Kí ẹ sì tọ́jú èyí tó wá láti WhatsApp náà, òun ni ìyá. Lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbohùn fóònù gbà á, kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi "Document", WhatsApp kò ní fọwọ́ kàn án.

Bluetooth náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Kí FLAC yín dára tó báwo, bó bá ti fẹ́ gba Bluetooth kọjá, wọ́n á tún fún un pọ̀ lójú ọ̀nà. Fún gbohùngbohùn kékeré tí ẹ gbé lọ sí òde ìnáwó, MP3 tàbí AAC 256 ti tó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: orúkọ orin pẹ̀lú àmì ohùn

Àwọn tó ń kọ Yorùbá bó ṣe yẹ nìkan ló ń rí ìṣòro yìí. Ẹ kọ "Ọ̀rẹ́ Mi" sí orúkọ orin, rédíò mọ́tò á kọ àpótí kéékèèké tàbí àmì ìbéèrè. Ibi méjì ló ti lè bàjẹ́. Àkọ́kọ́ ni àmì orúkọ tó wà nínú MP3, tí wọ́n ń pè ní ID3. Irú rẹ̀ àtijọ́ kò ní àyè fún ẹ, ọ àti ṣ rárá. ID3v2.3 tí wọ́n kọ ní UTF-16 (ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà) ní àyè fún gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sì lè kà á ju 2.4 lọ. Nínú ètò ọ̀fẹ́ Mp3tag, ẹ lọ sí ètò rẹ̀, ẹ yan "ID3v2.3 UTF-16", kí ẹ tún àwọn orúkọ kọ. Ìkejì ni pé rédíò náà lè má ní lẹ́tà wa nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe sí ìyẹn.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé orúkọ fáìlì tó ń lọ sórí fúláàṣì mọ́tò kò ní àmì kankan, "01 Ore Mi.mp3", ṣùgbọ́n nínú FLAC tó jẹ́ ìyá, mo kọ gbogbo àmì rẹ̀ pé. FLAC ń lo UTF-8, ọ̀nà mìíràn tó gba gbogbo lẹ́tà wa, látilẹ̀wá, kì í jẹ àmì ohùn. Bí ẹ bá wá orin kan nínú kọ̀ǹpútà tí ẹ ò rí i, ẹ gbìyànjú láti kọ ọ́ láì fi àmì sí i, torí àwọn ètò kan rò pé "ọ̀" tí ẹ tẹ̀ lórí fóònù àti èyí tí ẹ tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ keje: rírà láti ìsinsìnyí lọ

Bandcamp ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá ra àwo níbẹ̀ lè yan MP3, FLAC, ALAC, AAC, Vorbis tàbí WAV, kó sì padà wá gba irú mìíràn lọ́jọ́ mìíràn, kò sí àgádágodo. Qobuz náà ń ta FLAC ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà. iTunes Store ń ta AAC 256 kbps, Amazon ń ta MP3. Kí ẹ tó fi nọ́ńbà káàdì sílẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ irú fáìlì sí lójú ewé náà. Bí wọn ò bá kọ ọ́, tó jẹ́ "gbọ́ ọ nínú áàpù wa" nìkan ni wọ́n kọ, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Bí ẹ bá rà á tán, ẹ gbà á wálẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé-ìtajà lè pa, olórin lè yọ àwo rẹ̀ kúrò. Ẹ fi ẹ̀dà kan sórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà kejì sórí háàdì díìsìkì tó wà ní ìta, bí ẹ bá sì lè ṣe é, kí ìkejì yìí wà ní ilé ẹlòmíràn.

Ẹ má fi mẹ́mórì káàdì olówó pọ́ọ́kú ṣe ibi ìpamọ́. Ọjà kún fún káàdì tí wọ́n kọ 128 GB sí lára, tó jẹ́ pé 8 GB péré ló wà nínú rẹ̀. Ó ń gba fáìlì wọlé, á ní ó ti wọlé, orúkọ rẹ̀ á hàn, bí ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́, kò sí ohùn. Ẹ fi ètò ọ̀fẹ́ H2testw lórí Windows, tàbí F3 lórí Mac àti Linux, kọ nǹkan kún káàdì tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó sì kà á padà. Ó lè gba wákàtí mélòó kan. Bí iye tó kà padà bá kéré sí iye tó wà lára páálí, ẹ mú káàdì àti rìsíìtì padà lọ bá ẹni tó tà á kí ẹ tó kó orin kankan sórí rẹ̀.